Àwọn Tí A Ò Fún Lọ́pàá

Ẹ ń lẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Ṣé dáadáa lẹ wà? Ẹ wá ibì kan jókòó sí, torí òfófó tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe èyí tí èèyàn ń gbọ́ lórí ìdúró. Inú ilé wa ló ti ṣẹlẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin àti ìyàwó ẹ̀ ni. Mo kọ́kọ́ ní mi ò ní sọ, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà há mi lọ́fun, n ò lè gbé e mì, n ò lè tu ú. Ẹ bá mi gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé aránṣọ ni mí. Yàrá méjì ni ṣọ́ọ̀bù mi. Iwájú ni mo ti ń rán aṣọ, mo wá yọ̀ǹda ẹ̀yìn fún àbúrò mi pé kó máa fi ṣiṣẹ́. Ẹnjiníà ni gbogbo èèyàn ń pè é. Àtìgbà tó ti wà ní kékeré, tó ń tú rédíò bàbá wa palẹ̀, tí bàbá wa ń lé e kiri ilé, ni wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ yẹn, ó sì wá lọ kàwé ẹ̀ lóòótọ́. Nǹkan tó ń ṣe nínú yàrá ẹ̀yìn yẹn, ọ̀pá ni. Ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó gùn tó apá èèyàn, orí ẹ̀ rí roboto, iná wà nínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tì í bọ inú àpò àgbàdo, tí iná pupa tàn, àgbàdo yẹn ò tíì gbẹ, ó máa bu. Tó bá jẹ́ iná gíríìnì ló tàn, ẹ lọ sùn, kò séwu. Ẹnjiníà ló ń jo wáyà ẹ̀ pọ̀, ìyàwó ẹ̀ ló ń dán an wò, òun náà ló ń tún èyí tó bá bàjẹ́ ṣe, èmi ni mò ń rán àpò aṣọ tí wọ́n ń fi í sí. Àwa mẹ́ta yìí náà ni kọ́ńpìnì. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ńlá ńlá ṣe bẹ̀rẹ̀.

Níbí, àwọn àgbẹ̀ ń rà á, àmọ́ wọn ò pọ̀. Òdìkejì ẹnubodè ni ojú àbúrò mi wà. Lọ́hùn-ún, àgbàdo ni wọ́n ń gbìn lọ súà, òjò wọn sì máa ń pẹ́ kó tó dá, àgbàdo wọn kì í tètè gbẹ. Àmọ́ wọn kì í jẹ́ kí àlejò kàn gbé ẹ̀rọ wọlé wá tà fún àgbẹ̀ wọn bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan lọ́dọ̀ àwọn gbọ́dọ̀ bá ẹ ṣèwádìí lórí ẹ̀ fún odidi ìgbà ìkórè kan, kó jẹ́rìí pé ó ń ṣiṣẹ́. Ẹnjiníà kọ̀wé títí, ọwọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lára ẹ̀. Àwọn kan ò fèsì. Àwọn kan ní kọ́ńpìnì ẹ̀ ti kéré jù. Ìgbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wá dá a lóhùn pé òun fẹ́ káwọn jọ ṣe é, ẹ bá wo àbúrò mi tó ń fò sókè nínú ṣọ́ọ̀bù mi bí ọmọdé. Díẹ̀ ló kù kó dojú máṣíìnì mi dé.

Obìnrin ni Ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn o. Àgbàlagbà ni, jẹ́jẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Orí kọ̀ǹpútà la ti máa ń rí i. Àbúrò mi ò gbọ́ èdè wọn rárá. Ẹ káàárọ̀ nìkan ló mọ̀ ọ́n sọ, ìrọ̀lẹ́ ló sì máa ń sọ ọ́. Ìyàwó wa ló gbọ́ ọ. Ibẹ̀ ni ìyá ẹ̀ ti ṣòwò, ibẹ̀ ló ti lọ sílé-ìwé ní kékeré, ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń mumi. Òun ló máa ń jókòó sáàárín wọn, á gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni yìí, á kó o fún ẹni yẹn.

Lọ́jọ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n ṣàlàyé bí iṣẹ́ náà ṣe máa rí, mo wà níbẹ̀, mo ń ran bọ́tìnnì. Ó ní òun á kó orúkọ àwọn àgbẹ̀ abúlé mélòó kan pọ̀, òun á sì máa mú un bí ẹni ń ṣẹ́ kèké, láìwojú ẹnikẹ́ni. Ìdajì á gba ọ̀pá, ìdajì kejì ò ní gbà. Tí ìkórè bá parí, wọ́n á yẹ àgbàdo ìhà méjèèjì wò.

Mo ní, "Ẹ gbà mí o. Àwọn tí wọn ò fún ńkọ́? Kí ni wọ́n ṣe?"

Ìyàwó wa rẹ́rìn-ín, ó túmọ̀ ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Ẹ sọ fún Àǹtí pé wọn ò ṣe nǹkan kan. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀ náà ni wọ́n á máa ṣe é. Tá a bá fún gbogbo wọn, tí àgbàdo ò wá bu, báwo la ṣe máa mọ̀ pé ọ̀pá ló ṣe é? Tó bá jẹ́ pé oòrùn ọdún yẹn ló kàn mú ńkọ́? Tá a bá parí, gbogbo wọn la máa fún."

Ẹ jẹ́ n sòótọ́, ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí létí. Ó wá kìlọ̀ fún wa, ó sì wà nínú àdéhùn tí wọ́n tọwọ́ bọ̀: ará kọ́ńpìnì wa kankan ò gbọdọ̀ sún mọ́ àgbàdo àwọn tí wọn ò fún lọ́pàá. Tá a bá wá rí nǹkan tó lè pa èèyàn lára, òun ni ká pè. Ó ní òun mọ bóun ṣe máa kìlọ̀ fún gbogbo abúlé tí iṣẹ́ ò fi ní dàrú. Ó fún ìyàwó wa ní nọ́ńbà ara ẹ̀, kì í ṣe ti ọ́fíìsì. Ó ní, "Ìgbàkigbà ni kó o pè mí."

Ìyàwó wa ló rìnrìn àjò náà. Ta ni ì bá tún lọ? Òun ló mọ ọ̀pá tún ṣe, òun ló gbédè. Ọ̀dọ̀ opó kan ni wọ́n fi í sí lábúlé, ìyá àgbàlagbà kan tó ń tọ́ àwọn ọmọ ọmọ ẹ̀. Ìyá Onílé ni ìyàwó wa ń pè é, orúkọ yẹn lèmi náà máa pè é. Wọ́n ti kó ẹrù wọlé, wọ́n ti jọ jẹun, kí wọ́n tó wá mú orúkọ àwọn àgbẹ̀. Ti Ìyá Onílé bọ́ sáàárín àwọn tí wọn ò ní fún.

Ojú ẹsẹ̀ yẹn ló yẹ kí ìyàwó wa ti wá ilé míì. Àmọ́ ẹ rò ó wò. Ìyá tó ti ń pè ẹ́ ní ọmọ mi, tó gbé ibùsùn tó dáa jù nínú ilé fún ẹ, kó o wá di ẹrù ẹ torí pé orúkọ ẹ̀ ò jáde? Ó dúró.

Ẹ dúró ná, ẹnì kan ń kanlẹ̀kùn. … Ó ti lọ. Oníbàárà ni, aṣọ ẹ̀ ò tíì ṣe tán, mo ní mi ò sí nílé. Ibo la bá ọ̀rọ̀ dé? Ẹ̀hẹ́n.

Ìgbà tí ìyàwó wa padà dé, mo rí i pé ó rù. Mo ní bóyá oúnjẹ wọn ò bá a lára mu ni. Ẹnjiníà ò tiẹ̀ rí i. Ojú ẹ̀ ti wà lọ́nà èsì. Ó ti ń fi ẹsẹ̀ wọn yàrá ẹ̀yìn mi, ó ní á kéré jù fún wa láìpẹ́.

Ó ku ọ̀la kí wọ́n ṣèpàdé lórí èsì, ni ìyàwó wa wá bá mi níwájú ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án. Ọkọ ẹ̀ ti jáde lọ ra wáyà. Ó jókòó sórí àga àwọn oníbàárà, ó mú òwú kan nílẹ̀, ó ń we é mọ́ ìka.

"Àǹtí mi, tí n bá sọ nǹkan kan fún yín, ẹ ò ní pariwo?"

"Ìgbà wo ni mo pariwo rí?"

Ó wò mí. Èmi náà ro ara mi wò.

"Ó dáa, n ò ní pariwo."

Ó ní nínú yàrá tóun ń sùn lọ́dọ̀ Ìyá Onílé, ibẹ̀ ni wọ́n to àpò àgbàdo wọn sí. Ó ní ògiri kejì lòun máa ń kọjú sí kóun má bàa rí i. Òjò wá rọ̀ lọ́jọ́ kan, kò dá, òun jókòó sínú yàrá, òun ń tún ọ̀pá ẹnì kan ṣe. Òun ní kóun dán an wò bóyá ó ti ń ṣiṣẹ́. Àpò tó sún mọ́ òun jù lòun ti ọ̀pá yẹn bọ̀.

"Pupa ni, Àǹtí. Mo tì í bọ èkejì, pupa. Mo ní bóyá n ò tíì tún un ṣe dáadáa, mo mú ọ̀pá míì, pupa. Gbogbo ẹ̀. Ohun tí wọ́n sì ń jẹ nìyẹn."

"Ṣé kò tíì bu?"

"Kò tíì bu. Ó kù díẹ̀." Ohùn ẹ̀ rẹlẹ̀. "Lọ́dún tó kọjá, àgbàdo tó bu ni wọ́n jẹ. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, ikùn ẹ̀ wú, ojú ẹ̀ pọ́n. Dókítà ní ebu yẹn ni, pé májèlé ló wà nínú ẹ̀. Ọmọ yẹn ò dìde mọ́. Bàtà ẹ̀ ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò tíì gbé e kúrò. Àwọn tó kù nínú wọn ló máa ń wá jókòó sí mi lẹ́sẹ̀, tí wọ́n ń bi mí kí ni mò ń tún ṣe."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo gbé aṣọ sílẹ̀.

"Kí lo wá ṣe?"

"Mo ní, Ìyá, ẹ kó àgbàdo yìí síta, ẹ sá a tí oòrùn bá ti yọ. Ìyá ní ó ti gbẹ, àwọn ti fi eyín gé e wò. Mo bá fi iná hàn wọ́n."

"Ìyá nìkan ṣoṣo lo sọ fún?"

"Ìyá nìkan ni. Àmọ́ Ìyá ní ọ̀rẹ́, Àǹtí. Wọ́n rí i tó ń sá àgbàdo tí gbogbo wọn rò pé ó ti gbẹ. Wọ́n béèrè, kò fi pa mọ́ fún wọn. Kò pẹ́, gbogbo àwọn tí wọn ò fún lọ́pàá ló ń wo àgbàlá Ìyá. Tí Ìyá bá sá, wọ́n á sá. Tí Ìyá bá kó tiẹ̀ wọlé, wọ́n á kó tiwọn wọlé. Abúlé kan á sọ fún ìkejì. Èmi náà sì ń yẹ ti Ìyá wò lọ títí ìkórè fi parí. Mo ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ní mi ò yẹ̀ ẹ́ wò mọ́?"

Ṣé ó yé yín? Ọ̀pá kan péré ni gbogbo ìdajì yẹn ń lò, wọn ò sì fọwọ́ kàn án.

"O ò wá ṣe pe Ọ̀jọ̀gbọ́n? Ṣebí ó ní ká pe òun."

Ibẹ̀ ló ti bú sẹ́kún.

"Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé á bi mí pé kí ni mò ń wá nídìí àgbàdo yẹn. Mo rò pé á dá iṣẹ́ dúró, ọkọ mi á ní èmi ni mo bà á jẹ́. Mo ní tí n bá dákẹ́, àwọn ọmọ yẹn ò ní ṣàìsàn, iṣẹ́ ò sì ní dúró. Mo fẹ́ méjèèjì, Àǹtí."

Mo ní kó sọ fún ọkọ ẹ̀ kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Ó sọ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn nínú yàrá ẹ̀yìn. Kọ́tìnnì nìkan ló wà láàárín èmi àtàwọn. Ẹ má bi mí bóyá mò ń tẹ́tí, etí mi ò ní ìlẹ̀kùn.

Mo gbọ́ tí Ẹnjiníà ju wáyà tó rà bọ̀ sílẹ̀. Ó wá ní, "Ìwọ. Nínú gbogbo èèyàn. Ká ní ọ̀tá mi ló ṣe é, ǹ bá mọ ohun tí mo máa sọ."

"Àwọn ọmọ ni mo wò."

"Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ lo wò! Kí ni mo ṣe wá ń ṣe ọ̀pá? Ṣé kì í ṣe torí àwọn ọmọ náà ni? Tó bá wọ orílẹ̀-èdè yẹn, ọmọ mélòó ló máa rí i lò? O gba ti ilé kan, o ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo àwọn tó kù."

Mo gbọ́ tí ìyàwó wa fa àga, ó jókòó.

Ẹnjiníà ní, "Lọ́la, má sọ nǹkan kan. Jẹ́ ká gbọ́ ohun tí wọ́n rí ná."

"Ṣé kí n parọ́ ni?"

"Ta ló ní kó o parọ́? Mo ní kó o dákẹ́. Ṣé dídákẹ́ náà ti wá di irọ́ báyìí?"

Ilẹ̀ mọ́. Wọ́n gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, torí ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ wà. Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ẹnjiníà wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí mo rán fún un. Ìyàwó wa jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, kò wojú ẹnikẹ́ni. Ojú Ọ̀jọ̀gbọ́n yọ, ó kí wa, àbúrò mi kí i ní ẹ káàárọ̀. Ọjọ́ yẹn nìkan ló sọ ọ́ láàárọ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n sọ̀rọ̀, ìyàwó wa ń túmọ̀ ẹ̀. Ó ní àwọn ti yẹ gbogbo àgbàdo wò. Kò sí ìyàtọ̀. Ti àwọn tó ní ọ̀pá dáa, ti àwọn tí ò ní in náà dáa. Ọ̀jọ̀gbọ́n wá ní kó má bọkàn jẹ́. Ó ní ohun tóun rò ni pé àgbàdo ibẹ̀ kì í kúkú bu, pé ibi tí wọ́n lọ ni ò dáa fún irú ìdánwò yẹn. Òun á bẹ ilé-ẹ̀kọ́ òun kí àwọn tún un ṣe níbòmíì ní ìkórè tó ń bọ̀, àdéhùn wa ṣì wà níbẹ̀.

Ẹnjiníà mí kanlẹ̀. Ó fọwọ́ kan ìyàwó ẹ̀ lápá, fẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni pé ó ní: ṣé o rí i?

Ọ̀jọ̀gbọ́n ò tíì parí. Ó ń sọ nǹkan míì. Ìyàwó wa ò túmọ̀ ẹ̀.

"Kí ló wí?" Ẹnjiníà bi í.

Kò dáhùn.

"Ìyàwó mi, kí ló wí? Túmọ̀ ẹ̀."

Ìgbà tó yá ni mo tó mọ ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n sọ. Ó ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń pín tapólì tí wọ́n ń sá àgbàdo lé fún àwọn abúlé ti ń béèrè ohun tóun rí. Òun máa sọ fún wọn pé kí wọ́n yọ àwọn abúlé yẹn kúrò, pé àgbàdo wọn kì í bu, kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó nílò ẹ̀.

Ìyàwó wa wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Èdè wọn ló ń sọ. Kò yára, kò pariwo. Ó ń sọ ọ́ lọ, ó ń sọ ọ́ lọ. Èmi tí n ò gbọ́ ẹyọ kan, mo mọ ohun tó ń sọ, torí mò ń wo Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín náà tán. Ó yọ awò ojú ẹ̀, ó fọwọ́ bo ẹnu. Àbúrò mi ń wo ẹnu ìyàwó ẹ̀, ó ń wo ojú kọ̀ǹpútà, ó tún ń wo ẹnu ìyàwó ẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ń tà lọ́jà níbi tí ò ti gbédè.

"Kí lò ń sọ fún un? Mò ń bá ẹ sọ̀rọ̀. Àǹtí, kí ló ń sọ fún un?"

Mo tẹjú mọ́ abẹ́rẹ́ ọwọ́ mi.

Ọ̀jọ̀gbọ́n bi í ní ìbéèrè kan péré. Ìyàwó wa ń sunkún. Ó wá yíjú sí ọkọ ẹ̀, ó sì sọ ọ́ lédè wa, "Mo ti sọ ọ́."

Ẹnjiníà dìde. Kò gbá tábìlì, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó ṣílẹ̀kùn, ó lọ dúró síta lẹ́bàá gọ́tà, ó kẹ̀yìn sí wa.

Ìbéèrè tí Ọ̀jọ̀gbọ́n bi í ni pé, "Kí ló dé tí o ò pè mí?" Ó ní ká ní ìyàwó wa pe òun lọ́jọ́ tó rí iná pupa yẹn, òun fúnra òun lòun ì bá gbé tapólì wá. Kò sì bínú sọ ọ́. Mo rò pé ó tiẹ̀ sàn kó bínú. Iṣẹ́ tiẹ̀ náà ló dànù, àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ tí wọ́n ti rin àwọn abúlé yẹn títí bàtà wọn fi jẹ. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ní àwọn ò lè bá wa ṣe pọ̀ mọ́. Àwọn tó ń fúnni láṣẹ láti ta ẹ̀rọ lọ́hùn-ún náà ti gbọ́, wọ́n ní ká ṣì dúró ná, wọn ò sọ dìgbà wo. Tapólì dé àwọn abúlé yẹn. Ìyá Onílé pè, ó ń dúpẹ́, ó ń béèrè ìgbà tí ọmọ òun ń bọ̀. Kò mọ nǹkan kan.

Inú ilé kan náà ni tọkọtìyàwó ṣì ń gbé. Èmi ni wọ́n ń rán síra wọn. "Àǹtí, ẹ bi ìyàwó yín ibi tó gbé kọ́kọ́rọ́ sí." "Àǹtí, ẹ sọ fún àbúrò yín pé oúnjẹ ẹ̀ ti wà lórí tábìlì." Wọ́n á sì jọ wà níbẹ̀ o! Mo ní èmi kì í ṣe fóònù.

Lọ́jọ́ tí mo wá bínú sí i, mo bi Ẹnjiníà pé títí dìgbà wo? Ó ní, "Àǹtí, kì í ṣe pé ó sọ ọ́ ló dùn mí jù. Ìṣojú mi ló ti sọ ọ́, lédè tí mi ò gbọ́. Mo jókòó síbẹ̀ bí òmùgọ̀, tí wọ́n ń sin iṣẹ́ mi lójú mi."

Mo gbé e lọ bá ìyàwó wa. Ó ń nu ọ̀pá, ó ń tò wọ́n sínú páálí. Ó ní, "Tí n bá sọ ọ́ lédè tó gbọ́, ṣé á jẹ́ kí n sọ ọ́ tán?"

N ò tíì gbé ìyẹn padà fún ọkọ ẹ̀. N ò mọ bí mo ṣe máa gbé e.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wò ó, ẹni tó bá ń sọ pé òun mọ ẹni tó jẹ̀bi, kó wá jókòó sáàárín wọn bí mo ṣe ń jókòó yìí. Nígbà tí iná pupa yẹn tàn, tí àwọn ọmọ yẹn wà lẹ́sẹ̀ yín, ṣé ẹ máa pe Ọ̀jọ̀gbọ́n, àbí ẹ̀rù á bà yín bíi ti ìyàwó wa? Nídìí kọ̀ǹpútà yẹn, ṣé ẹ máa sọ ọ́, àbí ẹ máa dákẹ́ kí iṣẹ́ ọkọ yín lè yè? Tó bá wá jẹ́ ẹ̀yin ni Ẹnjiníà, báwo lẹ ṣe máa bá a sọ̀rọ̀ padà? Ẹ dá mi lóhùn, ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ sì sọ òótọ́ ọkàn yín.